Ṣítù Alábọ́ Kò Tíì Sọdá Odò

Láti Támálè títí dé Kùmásì, kò sí ẹni tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ orin ju Ṣítù alábọ́ lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ni mo wí o. Ẹ má tíì bi mí ní ti ìparí, a óò débẹ̀.

Abọ́ tánganran ni Ṣítù ń tà: abọ́ ìjẹun, abọ́ ìwẹ̀, àti àwọn ràbàtà tí ìyàwó tuntun fi ń di ẹrù lọ sílé ọkọ. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn ará Sagnarigu ń gbà wọ ọjà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Kpalsi kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ibẹ̀, nítorí oòrùn a máa kọ lára àwọn abọ́ náà títí ojú á fi máa ta èèyàn. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, apá rẹ̀ sì gùn débi pé bí mo bá ń rán ẹ̀wù fún un, mo ní láti fi aṣọ lé aṣọ. Bí ó bá ń to abọ́ léra, á tò ó kọjá orí ara rẹ̀, ẹyọ kan kò ní já bọ́. Ọlọ́run Ọba fún Ṣítù ní ọwọ́ tí ń to abọ́. Ọwọ́ tí ń ta okùn ni kò fún un.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Ìsá télọ̀ ni mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa méjèèjì, ẹsẹ̀ wa la sì fi rìn dé Támálè nígbà tí irùngbọ̀n wa kò tíì hù dáadáa. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rẹ́ tí a kò lè bú, àlejò ni.

Ọdún 1927 ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó kan tí Dáúdà, ọ̀kan nínú àwa ọ̀rẹ́, ń se oúnjẹ fún ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fún Dáúdà ní gìtá kékeré kan tó ní okùn mẹ́rin. Yukulélé ni òyìnbó ń pè é. Ẹnu wa kò gba orúkọ yẹn. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé Sóńgò, àdúgbò àwa àlejò, ti ní ohun èlò olókùn tiwọn tí wọ́n ń pè ní mólò, a bá ń pe eléyìí ní mólò òyìnbó, ọ̀rọ̀ sì parí. Mùsbáù káfíńtà gbà á lọ́wọ́ Dáúdà, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn bí ẹni ń yẹ àgbò iléyá wò, ó ní, "Haba! Àpótí lásán mà nìyí." Kí oṣù tó parí, ó ti fi pákó àpótí kẹrosíìnì kan mẹ́rin jáde, ó sì fi okùn àwọn apẹja Yéjì so wọ́n. Tèmi ṣì ní àwòrán fìtílà níkùn.

Mólò wà, olùkọ́ kò sí. Dáúdà tó ni í gan-an kò mọ̀ ju bí a ṣe ń nu eruku ara rẹ̀ lọ. Báwo wá ni àgbàlagbà márùn-ún ṣe máa kọ́ ohun tí ẹnìkan kò mọ̀? Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wa mọ̀ tí a ń gbà kọ́ nǹkan, ọ̀nà ilé kéú ni. Ọmọ jókòó, ó ń ka wàláà rẹ̀. Tó bá ṣì í, àlùfáà á kan pákó pẹ̀lú ọ̀pá, ọmọ á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe kọ́ Àlùkùránì nìyẹn, ó sì mọ́ wa lórí. A rò pé bí a ṣe ń kọ́ gbogbo nǹkan láyé nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ọjọ́ Jímọ̀, tí a bá ti kí ìrun alásárì tán, a óò pàdé ní ìsọ̀ Mùsbáù. Ẹnìkan á jókòó sórí ẹní láàárín, á ta èyí tó ti ń kọ́ nílé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwa yòókù á máa gbọ́. Ẹni tí etí rẹ̀ bá kọ́kọ́ bá àṣìṣe pàdé, á di ẹ̀ṣẹ́, á kan pákó tí Mùsbáù fi ń ṣiṣẹ́: kó! Ẹni tó ń ta á á dúró. Ẹni tó kan pákó á sọ ohun tó gbọ́. Ẹni tó ń ta á á ní, "Tò, mo gbọ́," á sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Òfin kejì dé lẹ́yìn ìjà. Tájù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe sọ fún Dáúdà lọ́jọ́ kan pé ìró mólò rẹ̀ dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ ń jẹ apẹ̀rẹ̀. Dáúdà bọ́ fìlà. A là wọ́n tán kí Mùsbáù tó sọ pé, láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ sọ àléébù ẹnìkejì rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wá ohun rere kan sọ. Òfin náà dára, mi ò purọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni Tájù ti sọ fún mi pé mo mọ orin náà lórí dáadáa, ṣùgbọ́n mò ń tẹ okùn bí ẹni ń ti abẹ́rẹ́ bọ aṣọ tó nípọn. Mo dẹ ọwọ́ díẹ̀, ohùn mólò mi sì yàtọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Abẹ́ rẹ̀ náà ni a ti sọ fún Dáúdà pé ẹ̀rín rẹ̀ wu ni, kó sì lọ gé èékánná.

Òfin kẹta ni ti ìta. Ẹni tí kò bá tíì ta orin kan dé òpin níwájú wa láìsí pé a kan pákó fún un, kò gbọdọ̀ ta á níta, ì báà jẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ì báà jẹ́ níbi ìyàwó. Àwọn àlùfáà wa kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ohun tí a ń ṣe tẹ́lẹ̀. A kò fẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà sọ pé ó burú, kó sì tún burú lóòótọ́.

Orin tí gbogbo wa fi wọlé, àwa fúnra wa la ṣe é. Orin ọ̀nà obì ni. Kí ọkọ̀ ilẹ̀ tó pọ̀, ẹsẹ̀ ni gbogbo Yorùbá Támálè fi ń lọ ra obì ní Kùmásì, kò sì sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ọ̀nà náà. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀:

Ní Támálè la ti gbéra,
A dé Sálágà, oòrùn kan àtàrí,
A rìn, a rìn, a dé Mákóńgò,
Odò ńlá ló dí wa lọ́nà o.

Lẹ́yìn èyí, a óò pe ọlọ́kọ̀ pé kó wá gbé wa sọdá sí Yéjì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Gbogbo ìka ọwọ́ òsì ní láti kúrò níbi tí wọ́n wà, kí wọ́n gun ọrùn mólò lọ sókè, ọwọ́ ọ̀tún á sì dúró dè wọ́n fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ ọ̀tún Ṣítù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìka yóò ṣì wà lọ́nà tí ọwọ́ ọ̀tún á ti ta okùn, ohun tó bá sì jáde lára mólò lásìkò yẹn, Ọlọ́run ló mọ orúkọ rẹ̀. Kó! Èmi ni mo sábà máa ń kan pákó náà. Etí télọ̀ mú, a kì í gbójú fo aṣọ tó wọ́.

Ṣítù á ní, "Tò, mo gbọ́," á rẹ́rìn-ín, á padà sí Támálè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mọ́kànlá! Tájù fi oṣù mẹ́ta kọjá. Èmi fi oṣù márùn-ún. Dáúdà tí kò lè gé èékánná fi ọdún kan àti ààbọ̀. Ṣítù ṣì wà létí odò. Ohun rere tí a máa ń sọ nípa rẹ̀ kí a tó sọ àléébù ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún kìíní, a máa ń ní, "Ohùn rẹ dùn, Ṣítù." Lọ́dún kẹta, "Ìjókòó rẹ dára." Nígbà tó di ọdún kẹfà, mo gbọ́ tí Dáúdà ń sọ fún un pé fìlà rẹ̀ mọ́. Lọ́dún kẹsàn-án, Mùsbáù wò ó títí, kò rí nǹkan mú, ó ní, "O tètè dé lónìí."

Ọ̀rọ̀ náà di àṣà ní Sóńgò. Bí wọ́n bá rán èèyàn níṣẹ́ tí kò tètè dé, wọ́n á ní òun àti Ṣítù jọ ń dúró de ọkọ̀ ni. Àwọn obìnrin tó wá ra abọ́ á na owó sí i, wọ́n á bi í pé, "Alábọ́, ẹ ti sọdá?" Á dá wọn lóhùn pé omi ṣì kún. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni rí. Mo máa ń sọ ọ́ nígbà náà pé bí sùúrù bá ń ta okùn ni, Ṣítù ni ìbá jẹ́ olùkọ́ gbogbo wa.

Nílé, ẹ̀yìn òkìtì abọ́ ló ti ń fi ọwọ́ kọ́ ọ. Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ á gbé túwó sílẹ̀, á pè é títí. "Bàbá Rùkà, ẹ sọdá tàbí kí ẹ wá jẹun, ọbẹ̀ ń tutù o!" Kò sí pákó nílé, kò sì sí ẹni tó ń kàn án. Síbẹ̀, bí ó bá ti dé odò, ọwọ́ rẹ̀ á dúró fúnra rẹ̀, á padà sí Támálè. Mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tí mo bá lọ kí i. Mo rẹ́rìn-ín sí i ni, mi ò ronú sí i.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Rùkáyátù. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí Mùsbáù gbẹ́ mólò fún bàbá rẹ̀. Abẹ́ orin yẹn ló máa ń sùn sí, abẹ́ rẹ̀ ló ti dàgbà. Ní 1938, ó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, Màmúdù tó ń ta obì ní Sóńgò Kùmásì, ọmọ àwọn ará Ìlọrin, sì rán èèyàn wá tọrọ rẹ̀. Wọ́n gbà. Wọ́n fi ìyàwó sí ìgbà ọyẹ́, tí ọ̀nà gbẹ, tí ọkọ̀ ń rìn dáadáa. Wọ́n á so yìgì lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ọkọ̀ á sì gbé ìyàwó àti ẹrù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n lè bá ọkọ̀ ojú omi ní Mákóńgò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Rùkáyátù wá bá bàbá rẹ̀ láàárín àwọn abọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ọ̀nà tí orin yín ń tọ̀ ni mo fẹ́ tọ̀ yìí. Ẹ ta á sìn mí dé ìdí ọkọ̀."

Ṣítù ní òun gbọ́. Àdìjátù ló sọ fún mi pé òun rí i tí inú rẹ̀ dùn títí tó fi gbé abọ́ ọbẹ̀ lé orí abọ́ ìwẹ̀, èyí tí kò ṣe rí. Ìgbà tó yá ló tó rántí òfin.

Ó dé lọ́jọ́ Jímọ̀, kò kí wa tán tó fi jókòó sórí ẹní. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ọmọ mi ń lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní kí n ta mólò sin òun. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi kí n kọjá lónìí."

A ní kí Ọlọ́run fún un ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀. Támálè dára, Sálágà dára, Mákóńgò dùn létí. Ó dé odò. Kó! Ó padà. Kó! Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹfà la dá a padà, òógùn sì ti mu ẹ̀wù rẹ̀ nígbà ọyẹ́ tí ètè gbogbo wa ń là. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, mo rí i tí ọwọ́ ọ̀tún yẹn tún sáré ṣáájú. Mo wo Mùsbáù, òkè àjà ló ń wò. Tájù ń yí ìdí okùn mólò rẹ̀ bí ẹni pé ó já. Dáúdà ń fi eyín gé èékánná lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ, wọ́n sì ti gbà láàárín ara wọn pé àwọn kò gbọ́ ọ.

Inú bí mi. Ẹ gbọ́ mi o, inú sábà máa ń bí mi sí ohun tí kò tọ́. Mo di ẹ̀ṣẹ́, mo kan pákó. Kó!

Mo tẹ̀lé òfin. Mo ní, "Ṣítù, o rántí gbogbo ọ̀rọ̀ orin, kò sí èyí tí o fò. Ṣùgbọ́n o ò dúró kí ìka rẹ dé."

Ó wò mí. "Ìsá, ọmọ mi ni."

Mo ní, "Ọmọ tèmi náà ni. Bí a bá tìtorí ọmọ jẹ́ kí o kọjá, ọ̀la ẹlòmíràn á ní ìyá òun ló kú. Níbo la máa dé?"

Mùsbáù ní, "Haba, Ìsá! Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mo ní wàlláhì, mi ò ní purọ́ fún ọ̀rẹ́ mi.  Ṣítù dìde, ó fi aṣọ wé mólò rẹ̀, ó bọ́ sí bàtà. Kò sọ pé òun gbọ́. Láti ọdún mọ́kànlá, ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kò sọ ọ́. Mo délé, mo sọ fún ara mi pé òótọ́ ni mo ṣe, ẹni tó bá sì ṣe òótọ́, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Mo ń sọ ọ́ fún ara mi títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ Sátidé, Rùkáyátù wá gba bùbá tí mo rán fún un. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá Télọ̀, wọ́n ní ẹ ò jẹ́ kí bàbá mi sọdá."

Mo ní, "Bàbá rẹ ni kò fẹ́ sọdá. Gba bùbá rẹ, kí o wọ̀ ọ́ wò."

Ó gbà á, kò wọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Nínú orin yẹn, kí ló wà lódì kejì odò?"

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń bá mi ṣeré ni. Kò ṣeré. Mo ní, "Ìwọ? O ò mọ̀ ọ́n? Àwọn ọmọ tó ń pọn omi pàápàá ń kọ ọ́ kiri!"

"Mo máa ń kúrò níbẹ̀ ni," ó ní. "Bí wọ́n bá ti dé odò, màá di etí mi, màá máa lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé nǹkan dáadáa kan ló wà níbẹ̀ tí bàbá mi ń tọ́jú dè mí. Nígbà tí mo gbọ́n, mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára. Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ."

Mo la ẹnu, kí n lè sọ fún un. Ó gbé ọwọ́ sókè kíá. "Rárá, Bàbá, ẹ má sọ ọ́. Bí mi ò bá gbọ́ ọ lọ́la, kó máa wà bẹ́ẹ̀."

Ó wọ bùbá náà. Apá rẹ̀ gùn bíi ti bàbá rẹ̀, mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti fi aṣọ lé e. Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, n kò rán nǹkan kan títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán.

Wọ́n so yìgì láàárín àlàáfíà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lọ́rì dé iwájú ilé Ṣítù. Ẹrù kún un: abọ́, abọ́, abọ́, bí ẹni pé wọ́n ń kó ìsọ̀ lọ sí Kùmásì. Dírẹ́bà kò fẹ́ dúró. Ó ń fọn fèrè ọkọ̀, ó ń pariwo pé, bí àwọn bá pẹ́, ọkọ̀ ojú omi á fi àwọn sí Mákóńgò. Àdìjátù ń sunkún, ó sì ń ka ẹrù pọ̀ mọ́ ẹkún. Rùkáyátù dì mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà, ó fi ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn ọkọ̀. Ó wo ẹ̀yìn.

Ìgbà yẹn ni Ṣítù jáde nínú ilé. Mólò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa mẹ́rin tó kù wo ara wa. Kò wò wá. Ó dojú abọ́ ìwẹ̀ kan dé, ó jókòó lé e, ó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí mo jẹ gbèsè rẹ̀: a kò tíì gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orin yẹn bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó lè ta á bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ta ìlàjì yẹn nìkan, ó ti mọ gbogbo òkúta tó wà lójú ọ̀nà láti Támálè dé Sálágà. Ẹkún Àdìjátù dákẹ́. Dírẹ́bà mú ọwọ́ kúrò lórí fèrè. Àlùfáà tó so yìgì wà níbẹ̀, ó ní òun kàn ń tún okùn bàtà òun so ni, bẹ́ẹ̀ bàtà rẹ̀ kò ní okùn.

Ó dé Mákóńgò. Odò ńlá ló dí wa lọ́nà o. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Kò ṣì í. Ọwọ́ ọ̀tún kò sáré. Ó dúró lókè, kò ta okùn kankan, Ṣítù sì gbé ojú sókè, ó wò mí láàárín gbogbo èrò yẹn. Ó ń dúró de pákó.

Ọwọ́ mi wà lẹ́yìn mi, mo dì í mú.  Ẹnìkan ti bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ní Ṣítù ti dé etí odò. Ìgbà yẹn ni ojú mi là, ojú sì tì mí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n bá ń dá padà lẹ́nu ọ̀nà kan lójoojúmọ́, tó bá yá, á máa yí padà fúnra rẹ̀. Níbo ni ọkùnrin yìí ti fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń sọdá? Bí ó bá ti fi ẹsẹ̀ kan omi, èmi ni mò ń pè é padà. Àwa tó kọjá, ibi tí a ti ṣì í yàtọ̀ síra, a ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn. Òun, ojú kan náà ni. A sọ pé a ń kọ́ ọ ní orin, dídúró la kọ́ ọ.

Rùkáyátù kò mú ẹsẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn.

Mo ní, "Ṣítù, máa lọ."

Ṣítù ní, "O ò kan pákó."

"Mi ò kàn án."

"Mo ta á dáadáa ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni n bá sọ? Mo ní, "O ò tíì ta á. Nígbà tí o bá ta á, ó máa burú. Máa lọ."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gbé ìka sókè, ó sì bọ́ sínú odò.

Ó burú, ẹ gbà mí gbọ́. Ìka rẹ̀ ń wá okùn kiri, bó bá rí ọ̀kan, á sọ èkejì nù. Tájù di ojú. Ṣùgbọ́n Ṣítù kò dúró mọ́, kò sì padà sí Támálè, ó ń fi ohùn rẹ̀ tó dùn yẹn fa mólò lọ ní tipátipá:

Ọlọ́kọ̀, wá gbé wa sọdá,
Yéjì ń bẹ lọ́ọ̀ọ́kán.
Ẹ̀yin tó kù nílé, ẹ má sunkún,
Ọlọ́kọ̀ tó gbé wa lọ ni yóò gbé wa bọ̀.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orin náà kò gùn, a kàn jẹ́ kó gùn fún un ni. Rùkáyátù fi apá bùbá tuntun bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì, n kò lè sọ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ó sọ̀kalẹ̀, ó sáré wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá rẹ̀ bí ọkùnrin, nínú eruku, pẹ̀lú aṣọ tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan rán. Ó dìde, ó wọ ọkọ̀. Dírẹ́bà kò fọn fèrè, ó rọra wà á lọ.

Nígbà tí eruku lọ́rì ti wálẹ̀, tí èrò ti ń tú ká, Ṣítù ṣì jókòó lórí abọ́. Mo lọ dúró tì í. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ẹnu mi kò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ó ní, "Ìsá, ọdún mọ́kànlá. Kí ló dé tí o ò jẹ́ kí n kọjá lọ́jọ́ kan ṣoṣo?"

"Mo fẹ́ kó dára ni."

"Ó wá dára lónìí?"

"Wàlláhì, kò dára."

Ó fi etí ẹ̀wù nu ojú rẹ̀. "Ọmọ mi gbọ́ ọ," ó ní. "Díẹ̀ ló kù kí o má jẹ́ kó gbọ́ ọ."